MP mi (aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò wa) bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀ surrogacy (kí obìnrin bá ẹlòmíì gbóyún), ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ṣé kí n tún padà lọ bá a?

Àbẹ̀kẹ́_Manchester

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, láti ọjọ́ Tuesday ló ti ń jà nínú mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún nílé yàtọ̀ sí ọkọ mi, òun náà ọ̀rọ̀ yìí ti sú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka nǹkan tí mò ń kọ síbí mọ̀ pé wọ́n yọ ilé ọmọ mi lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn nítorí ìju. Ṣùgbọ́n ẹyin mi ṣì wà, wọ́n ti fi ẹyin mi àti àtọ̀ ọkọ mi ṣe ọlẹ̀ ní kílíníìkì, mẹ́ta ló wà nínú fíríìsà wọn. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Cardiff, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, òun ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun á bá mi gbé e. Ó ti bímọ mẹ́ta, wẹ́rẹ́ ló máa ń bí. Kò ní kí n fún òun ní kọ́bọ̀. Ọjọ́ tó sọ ọ́, ojú títì ni mo wà, ibẹ̀ náà ni mo ti bú sẹ́kún, àwọn èèyàn ń wò mí.

A wá lọ rí lọ́yà. Lọ́yà ní tí ọmọ bá dé, àbúrò mi ni ìyá ẹ̀ lójú òfin. Mo ní ó dáa, ṣebí òun ló gbé e. Ó ní kò tíì tán o, níwọ̀n ìgbà tí àbúrò mi ti lọ́kọ, tí ọkọ ẹ̀ sì mọ̀ sí i, ọkọ ẹ̀ ni bàbá ọmọ. Ọkọ àbúrò mi kẹ̀! Ọmọlúàbí èèyàn tó ń wa bọ́ọ̀sì jẹ́jẹ́ ẹ̀, tí kò tiẹ̀ sí ní Manchester lọ́jọ́ tí wọ́n gba àtọ̀. Ọkọ mi tó lọmọ jókòó tì mí, ó ń wo bàtà ara ẹ̀. Àfi tá a bá gba àṣẹ kan ní kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń pè ní parental order ni ọmọ tó lè di tiwa, títí dìgbà yẹn àlejò ni wá sí i.

Mo bá kọ̀wé sí MP wa. Ká sọ tòótọ́, ó gbìyànjú, ọmọ ọ́fíìsì ẹ̀ pè mí padà, nígbà tó sì ṣe, MP fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ fún ìjọba lọ́jọ́ kan náà: ọ̀kan lórí òfin surrogacy, ọ̀kan lórí ìlera àwọn tó ń bá èèyàn gbóyún, ọ̀kan lórí àwọn oníjìbìtì tó ń fi ara wọn ṣe abánigbóyún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn débi pé mo fi línkì ẹ̀ ránṣẹ́ sí WhatsApp fámílì, àwọn àǹtí mi ń fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́.

Ìdáhùn dé ní Tuesday. Àkọ́kọ́, ìlà mẹ́rin: ìjọba mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ká àwọn ìdílé kan lára, wọ́n ń gbé àbá yẹ̀ wò, wọ́n á sọ̀rọ̀ tó bá tó àkókò. Èkejì: àwọn ò ní iye rẹ̀ lójú kan. Ẹ̀kẹta: ẹ lọ wo Online Safety Act, òfin ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tán.

Ẹ dákun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí nǹkan yìí ṣe ń lọ, ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Ṣé kí n tún padà lọ bá MP ni, àbí mò ń fi omi kún agbọ̀n?

Bàbá_Ọ́fíìsì

Àbúrò mi, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fi ọmọ náà sí yín lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ MP kan, àwa tá a wà ní ọ́fíìsì la máa ń kọ irú ìbéèrè yẹn, MP á kà á, á ní ó dáa, ó lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: ìbéèrè yín ló fẹ̀ jù. Ẹ tún lọ wò ó, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ohun tí wọ́n kọ ni "ìgbésẹ̀ wo ni ìjọba ń gbé lórí." Tẹ́ ẹ bá ti bi mínísítà pé ìgbésẹ̀ wo lẹ̀ ń gbé, ẹ ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un. Akọ̀wé ìjọba tó máa dáhùn ti ní paragiráàfù kan nínú kọ̀ǹpútà tó ti ń lò látọjọ́ pípẹ́, á fà á jáde, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, á lọ mu tíì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kan náà, kọ́má fún kọ́má, dá aṣòfin márùn-ún lóhùn.

Bó ṣe ń lọ nìyí. MP á fi ìbéèrè sílẹ̀ ní Table Office, ọ́fíìsì tó ń gba ìbéèrè nílé aṣòfin, àwọn yẹn á wò ó bóyá ó bá ìlànà mu, torí kò gbọdọ̀ jẹ́ iyàn jíjà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nǹkan tó wà níkàáwọ́ mínísítà. Ìbéèrè lásán, ìrètí ni pé wọ́n á dáhùn láàárín nǹkan bí ọjọ́ méje. Èyí tí wọ́n ń pè ní named day, MP fúnra ẹ̀ ló máa dá ọjọ́ fún wọn, kò sì lè fi ju márùn-ún irú ẹ̀ sílẹ̀ lóòjọ́. Nílé àwọn Lord, ìyẹn ilé aṣòfin kejì, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Èyí tí wọ́n ń fẹnu béèrè nínú ilé bíi ti ọjọ́ Wednesday ọ̀sán, sinimá ni púpọ̀ nínú ìyẹn, ẹ má da ara yín láàmú sí i, inú àwọn tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ni ẹran wà. (Àṣà yìí ti pẹ́ o. Èyí tó kọ́kọ́ wà lákọsílẹ̀, 1721 ni, Earl Cowper ló béèrè ní ilé àwọn Lord bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ti mú akápò South Sea Company, ilé iṣẹ́ òwò kan, tó sá lọ. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀!)

Ẹ wá gbọ́ èdè wọn. "Kò sí lójú kan" kò túmọ̀ sí pé kò sí rárá o. Ó lè wà ní ọsibítù, ó lè wà ní kọ́ọ̀tù, kò kàn sẹ́ni tó kó o jọ. "Tó bá tó àkókò" túmọ̀ sí pé kò sí lórí tábìlì ẹnikẹ́ni lọ́sẹ̀ yìí. "A ò tíì ṣe àgbéyẹ̀wò kankan lórí ẹ̀", èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí mínísítà ti fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn ò tíì wò ó.

Nǹkan míì tún ni pé ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bi. Surrogacy àti ìlera, Department of Health and Social Care ni. Íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ka tó ń bójú tó sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì ni. Páásìpọ́ọ̀tù àti físà, Home Office. Àbúrò yín wá ń gbé Cardiff: òfin surrogacy fúnra ẹ̀, Westminster, ìyẹn ilé aṣòfin UK ní London, ló ni ín, ìbáà jẹ́ Wales, ìbáà jẹ́ Scotland, ṣùgbọ́n ọsibítù tó máa bí sí, abẹ́ ìjọba Wales ló wà. Tí MP yín bá bi Westminster nípa ọsibítù Cardiff, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn kọ́. Aṣòfin tó ń ṣojú àbúrò yín ní Senedd, ilé aṣòfin Wales, ni kí òun lọ bá fún ìyẹn.

Adéṣíná_K

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tan sístà yìí o. Law Commission ti England àti Wales pẹ̀lú ti Scotland, àwọn tó ń dábàá àtúnṣe òfin, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí òfin surrogacy, wọ́n gbé ìwé jáde ní March 2023, àbá òfin gan-an ti wà ní kíkọ nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ ọmọ jẹ́ òbí látọjọ́ ìbí, kí ẹni tó gbóyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó lè fi sọ pé òun ò gbà mọ́. Ìjọba Conservative bá a níbẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀, ti Labour dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Òfin 1985 la ṣì ń lò, èyí tí wọ́n fi ìkánjú ṣe lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ Kim Cotton àti ọmọ tó bá òyìnbó gbé gba ìwé ìròyìn kan. Kí ni ìbéèrè MP kan ṣoṣo fẹ́ ṣe sí ohun tó ti wà nílẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún?

Bàbá_Ọ́fíìsì

Adéṣíná, mi ò sọ pé ó máa yí òfin padà. Ohun tí mo sọ ni pé gbogbo ìbéèrè ló ní nọ́ńbà, ó wà lórí ìkànnì ilé aṣòfin, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Mínísítà kò gbọdọ̀ ṣi ilé lọ́nà, tó bá sì ṣèèṣì sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, ó gbọ́dọ̀ padà wá tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n bá sọ fún ẹ lórí fóònù, ṣé ó rí bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé

Èmi ò mọ òṣèlú, agbẹ̀bí ni mí, ọdún kọkànlá mi rèé nínú NHS, iṣẹ́ ìlera ìjọba. Sístà Àbẹ̀kẹ́, ìbéèrè kejì yín yẹn ló mú mi wọlé, torí ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó rí i, gbogbo èèyàn ń pariwo òfin òfin, ara obìnrin tó máa gbé e ńkọ́?

Ẹ má bínú sí mi o. "Wẹ́rẹ́ ló máa ń bí" dáa, ṣùgbọ́n oyún yìí ò ní rí bí àwọn mẹ́ta yẹn. Ọlẹ̀ tí kì í ṣe ẹyin ara ẹ̀ ló máa gbé, irú oyún bẹ́ẹ̀ sì máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru ju oyún lásán lọ. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Ontario ní Kánádà tó jáde ní 2024, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó lóyún fúnra wọn, nǹkan bíi 2.3 ló ní ìṣòro ńlá, àwọn tó ṣe IVF (tí wọ́n ṣe ọlẹ̀ ní kílíníìkì) 4.3, àwọn abánigbóyún 7.8. Ẹ tún wá fi ti àwọ̀ wa kún un. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ikú obìnrin dúdú nídìí oyún àti ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti òyìnbó lọ, ọdọọdún ni ìròyìn MBRRACE, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú àwọn ìyá, ń sọ ọ́. Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọlẹ̀ kan ṣoṣo ni kí wọ́n fi sí i, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbejì tàn yín, kí àbúrò yín sì tètè fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí, kó sọ fún wọn látọjọ́ kìíní pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lòun ń gbé.

Ìtọ́sọ́nà wà fún wa láti 2018, fún England àti Wales, lórí bó ṣe yẹ ká ṣe é. Ara obìnrin yẹn, òun ló ni ín. Tó bá di pé ká la inú, òun ló máa fọwọ́ sí i, ẹ̀yin ò lè bá a fọwọ́ sí i bó ti wù kó rí. Lẹ́yìn ìbí, tí òun bá ti fọwọ́ sí i, ẹ lè gbé ọmọ lọ sílé. Mo sọ èyí torí pé mo ti rí i níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ṣáájú kí ìtọ́sọ́nà yẹn tó jáde, tí ọ̀gá wa ò jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ fún àwọn tó ni ín nínú wọ́ọ̀dù, ó ní òun ò fẹ́ wàhálà. Abánigbóyún fi abẹ́rẹ́ lára rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀ sí, òjò ń pa, ibẹ̀ ló ti gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń sanwó páàkì sí. Èmi ni mo di agboòrùn mú. Títí dòní, mo bá kọjá níbẹ̀, ojú ń tì mí.

Ìbéèrè tó yẹ kí MP bi wọ́n nìyẹn: ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò pé ọsibítù ń tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà náà?

Ìyá_Ìbùkún

Kí Ọlọ́run bù kún ẹ, nọ́ọ̀sì.

Sístà, mo ti gba ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yìí, ọmọ mi ti pé ọdún márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan tí lọ́yà ò ní sọ fún yín dáadáa. Ìwé ìbí tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ mi, orúkọ obìnrin míì ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyá. Mo mú un dání ní ọ́fíìsì wọn, mo kà á, mo tún kà á. Obìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ wò mí, ó ní "ẹ má wò ó púpọ̀, ẹ máa gba òmíràn." Lóòótọ́ ni, lẹ́yìn tí kọ́ọ̀tù ti fọwọ́ sí i wọ́n tún ọmọ forúkọ sílẹ̀, orúkọ wa ló wà nínú ti ìsinsìnyí.

Fọ́ọ̀mù C51 lẹ máa kọ fún parental order yẹn. Kọ́ọ̀tù fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wá kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà. Àbúrò yín ò lè fọwọ́ sí i kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tó bá fọwọ́ sí i ṣáájú, kò wúlò, ọkọ ẹ̀ náà máa fọwọ́ sí i. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ọmọ tan lẹ́jẹ̀, ìyẹn ò lè nira fún yín. Gbogbo owó tẹ́ ẹ bá ná lórí ẹ̀, mọ́tò, aṣọ oyún, iṣẹ́ tí kò lè lọ, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, torí owó ìnáwó nìkan ni òfin gbà, adájọ́ á béèrè. Ẹ sì lè gba lífù níbi iṣẹ́ bí àwọn tó gba ọmọ tọ́, láti 2015 ló ti wà bẹ́ẹ̀, HR tiwa ò tiẹ̀ mọ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn.

Kúnlé_L

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ tiwa lórí ìbéèrè kẹta, mi ò tíì sọ ọ́ síta rí.

A ò ní àbúrò tó lè bá wa gbé e. Gúrúùpù kan lórí ìkànnì kan la ti pàdé obìnrin kan, ó ní òun ti bá èèyàn méjì gbé e rí, ó ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, ó mọ ìgbà tí inú ẹ̀ ò dùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi owó ránṣẹ́ sí i, gbogbo ẹ̀ £1,400, ó ní ti fítámì, ti àyẹ̀wò, ti ọkọ̀. Ó fi àwòrán scan ilé ọmọ ẹ̀ ránṣẹ́ kó lè fi hàn pé kò sí ìju níbẹ̀. Ìyàwó mi ló fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Wọ́n ti fi dúdú kun ibi tí orúkọ wà, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé déètì ní igun ìsàlẹ̀, scan náà ti ṣáájú ọjọ́ tá a pàdé ẹ̀ pẹ̀lú ọdún mẹ́rin. Nígbà tá a bi í, ó ti yọ wá kúrò. A fi ẹjọ́ ẹ̀ sun ìkànnì yẹn, wọ́n ní kò tàpá sí ìlànà àwọn. Kò tàpá!

Táyọ̀_IT

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, ìgbà wo lẹ san èyí tó kẹ́yìn? Ẹ sọ kíá. Tó bá jẹ́ tírànsífà báńkì sí báńkì nínú UK níbí, láti October 7, 2024 òfin ti ní kí báńkì dá owó padà fún ẹni tí wọ́n fi jìbìtì mú kó fi owó ránṣẹ́, ó lè tó £85,000, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá wọn kó tó ju oṣù mẹ́tàlá lọ lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn.

Lórí ìbéèrè MP: Online Safety Act 2023 di òfin ní October ọdún yẹn, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tan iná ẹ̀. Láti March 17, 2025 ló ti di dandan fún àwọn ìkànnì láti máa bójú tó ohun tó lòdì sófin, jìbìtì wà lára ẹ̀. Ti àwọn ọmọdé, àyẹ̀wò ọjọ́ orí àti irú ẹ̀, July 25, 2025. Ofcom ló ń ṣọ́ wọn, ó lè bu owó ìtanràn lé wọn tó £18 mílíọ̀nù tàbí ìdá mẹ́wàá owó tó ń wọlé fún wọn káàkiri ayé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n Ofcom ò ní bá yín dá sí ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo o. Wọ́n á gba àròyé yín, wọ́n á fi kún àwọn tó kù láti mọ ibi tí iná ti ń jò. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn mínísítà fi máa ń rí bẹ́ẹ̀: ó máa sọ pé ti Ofcom ni, Ofcom á ní àwọn ò dá sí ẹjọ́ ẹnì kan, ẹ̀yin á wà láàárín bíi bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ "mò ń wá abánigbóyún" sí gúrúùpù, ẹ rọra o, òfin 1985 yẹn ka irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Law Commission ní kí wọ́n yí ìyẹn padà fún èyí tó bófin mu, wọn ò tíì yí i padà. Torí ẹ̀ ni gbogbo nǹkan fi ń wọ kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ sì ni olè fẹ́.

Kúnlé_L

Oṣù kọkànlá rèé. Mo ti ń wọ aṣọ.

Tuntun_Ní_Ìlúọba

Ẹ kú iṣẹ́. Físà iṣẹ́ ni mo fi wà níbí, mo ń san owó ìlera tí wọ́n ń gbà fún físà, ṣé NHS á ṣe IVF fún mi?

Nọ́ọ̀sì_Ṣadé

Rárá o, àbúrò. £1,035 lọ́dún tẹ́ ẹ̀ ń san yẹn ò bo ìtọ́jú àtilóyún, láti August 2017 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Tẹ́ ẹ bá lóyún, ìtọ́jú oyún wà nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí ojú ìwé tiyín fún èyí.

Màmá_Dúpẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ẹ̀, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pè mí ní ọ̀tá. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò rẹ tó fẹ́ bá ẹ gbé e nítorí ìfẹ́, ìyẹn ò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní àbúrò. Tí wọ́n bá sọ ọ́ di ìrọ̀rùn, ta lẹ rò pé ó máa gbé e? Ọmọ olówó ni? Ní October 2024, Ítálì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ ìlú wọn tó bá lọ ṣe é nílẹ̀ òkèèrè pàápàá, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó mílíọ̀nù kan euro. Mi ò ní kí wọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé lọ́hùn-ún a mọ ohun tí ojú wa rí, àwọn ilé tí wọ́n ń kó ọmọbìnrin pa mọ́ sí kí wọ́n lè bímọ tà, ọlọ́pàá ń já wọlé síbẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní "baby factory." Mo fẹ́ kí MP kan náà béèrè ìyẹn: àwọn tó ń gbé ọmọ wọlé láti òkèèrè, ta ló ń béèrè pé obìnrin tó bí i dà?

Àbẹ̀kẹ́_Manchester

Màmá, mi ò bínú rárá, ẹ ṣeun. Mo fi ọ̀rọ̀ yín han ọkọ mi, ó ní màmá yẹn sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan, àbúrò mi pàápàá, ẹ̀rù bà mí pé kò lè sọ fún mi pé "mi ò ṣe mọ́" torí pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mí. Mo ti sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí òfin fún un yẹn, kó lò ó. Ó ní kí n yéé sọ ìsọkúsọ.

Bàbá, ẹ bá mi kọ ọ́. Mo ti ka ìbéèrè tí wọ́n fi sílẹ̀, "ìgbésẹ̀ wo" ló wà ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

Bàbá_Ọ́fíìsì

Mo mọ̀! Ó dáa. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ìbéèrè jẹ́ èyí tí wọn ò lè dáhùn àfi pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni, rárá, déètì tàbí nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ nǹkan méjì, ẹ pín in sí méjì, ìbéèrè ò gba owó. Ẹ fi ránṣẹ́ báyìí, ọmọ ọ́fíìsì ẹ̀ á tún èdè ẹ̀ ṣe:

Ọ̀kan, ṣé mínísítà máa gbé àbá òfin tí àwọn Law Commission kọ ní March 2023 wá síwájú ilé kí sáà ìjókòó yìí tó parí? Ẹ má fi "kí ló dé" sí i, ẹ jẹ́ kó sọ rárá ná, "kí ló dé" máa tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìkejì, ọjọ́ wo ni ẹ̀ka ìlera gbẹ̀yìn tún ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú abánigbóyún ti 2018 wò? Ti Nọ́ọ̀sì Ṣadé náà, kí ó dá dúró: ṣé ẹ̀ka náà máa ń ka iye ọsibítù tó ń tẹ̀ lé e? Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá.

Ìkẹta, kí ó lọ sí ẹ̀ka tẹkinọ́lọ́jì: ẹni tó ń fi ara ẹ̀ ṣe abánigbóyún lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó lè gbowó, ṣé ó wà lára jìbìtì tí Online Safety Act ní kí àwọn ìkànnì máa yọ kúrò? Ẹ fi ìtàn Kúnlé sí lẹ́tà MP, ẹ yọ orúkọ kúrò, òun á mọ bó ṣe máa lò ó. Ti Màmá Dúpẹ́, Home Office ni, ẹlòmíì nínú wa lè fi ránṣẹ́ sí MP tiẹ̀, torí MP yín ti ní iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́.

Kí ẹ kọ àdírẹ́sì yín àti postcode sókè ímeèlì o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kà á.

Àbẹ̀kẹ́_Manchester

Mo ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí, postcode wà lókè pátápátá, mo tiẹ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọ́fíìsì ẹ̀ fèsì kí n tó dé ibi iṣẹ́, ó ní ta ló bá mi kọ ọ́. Mo ní àwọn ẹbí mi ni.

Ọkọ àbúrò mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà ìsinmi oúnjẹ ẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n kí yín. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun fi ọ̀kan kún un fún mínísítà: òun ti bímọ mẹ́ta, òun ti pinnu pé ó tó, ta ló wá bá òun bí ìkẹrin?